Súíṣì tó ń gbàṣẹ láti ọ̀nà jíjìn: kí ni ká kà ká tó sọ pé ó ń ṣiṣẹ́?

Ará_Ìdí_Iná (Ìbàdàn)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tèmi. Mo wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan tó ń pín iná (ẹ má bi mí pé èwo ni), ní ẹ̀ka tó ń bójú tó fíídà 33kV àti 11kV, ìyẹn àwọn wáyà ńlá tó ń gbé iná láti ibùdó lọ sí àdúgbò. Wọ́n ra àwọn súíṣì tuntun fún wa, àwọn kan lórí òpó, àwọn kan nínú àpótí irin lẹ́bàá ọ̀nà. Gbogbo wọn ló ní RTU, ìyẹn kọ̀ǹpútà kékeré tó ń bá yàrá ìdarí sọ̀rọ̀. Èrò wọn ni pé tí fíídà bá tírípù (kó já fúnra rẹ̀) lóru, ẹni tó wà ní yàrá ìdarí á jókòó sórí àga rẹ̀, á tẹ bọ́tìnnì, á ya ibi tó bàjẹ́ sọ́tọ̀, á sì dá iná padà fún àwọn tó kù.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an ni pé àwọn tó ta nǹkan yìí fún wa máa ń mú ìwé wá lóṣooṣù pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo súíṣì ló wà lórí ìlà. Bẹ́ẹ̀, tí fọ́ọ̀tì (ìbàjẹ́ lórí wáyà) bá dé, a ó tẹ àṣẹ, kò ní dáhùn. A ó tún un tẹ̀, ọkọ̀ náà la ó padà gbé. Mo bi wọ́n, wọ́n ní ìwé àwọn kò parọ́. Mo yẹ ìwé náà wò, lóòótọ́ kò parọ́. Ibẹ̀ ló ti dojú rú fún mi. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe irú rẹ̀ níbòmíràn, kí lẹ máa ń kà? Ọ̀gá mi fẹ́ nọ́ńbà kan ṣoṣo tó máa gbé lọ síwájú bọ́ọ̀dù.

Kọ́ńtróòlù_Àríwá (Manchester)

Ẹ kú iṣẹ́, ará wa. Yàrá ìdarí lèmi náà ti ń jẹun níbí, ọ̀rọ̀ yín yé mi dáadáa.

Ohun tí àwọn yẹn ń kà ni iye ìgbà tí RTU ń dáhùn nígbà tí kọ̀ǹpútà ńlá bá kí i. Kọ̀ǹpútà á ní "ṣé o wà ńbẹ̀?", òun náà á ní "mo wà." Ìyẹn kàn fi hàn pé rédíò ń ṣiṣẹ́, pé iná díẹ̀ sì wà nínú àpótí. Kò sọ ohunkóhun nípa mọ́tò tó máa yí ọwọ́ súíṣì, kò sì sọ nípa bátìrì tó máa gbé mọ́tò náà nígbà tí iná bá ti lọ. Ẹni tó ń jẹ́ ìpè kọ́ ni ẹni tó ń jẹ́ iṣẹ́.

Ẹ wo ọ̀nà tí àṣẹ kan ń gbà. Nínú DNP3, tí ọ̀pọ̀ àwọn ẹ̀rọ yìí fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, àti nínú IEC 60870-5-104, àṣẹ lè jẹ́ ìpele méjì. Ẹ ó kọ́kọ́ yan súíṣì, RTU á jẹ́ kí ẹ mọ̀ pé èyí tí ẹ yàn lòun mú, lẹ́yìn náà lẹ ó wá ní "ó yá." RTU á tan rìléè (súíṣì kékeré inú àpótí), rìléè á gbé iná bátìrì fún mọ́tò, mọ́tò á yí, súíṣì á já (kó gé iná) tàbí kó so (kó jẹ́ kí iná kọjá). Àwọn kọ́ńtáàtì kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á bá a yí, RTU á kà á, á ránṣẹ́ padà pé ipò ti yàtọ̀. Ìgbà tí ìròyìn ìkẹyìn yẹn bá dé iwájú yín, láàárín àkókò tí ẹ dá fún un, ni àṣẹ tó yọrí. Ìkùnà ni gbogbo èyí tó kù, ibi yòówù kó ti já.

Nítorí náà, àṣẹ ni kẹ́ ẹ kà, ẹ yé ka ẹ̀rọ. Nínú gbogbo àṣẹ tí ẹ fi ránṣẹ́ lóṣù yìí, mélòó ló yọrí nígbà àkọ́kọ́ tí ẹ tẹ̀ ẹ́? Mo ní nígbà àkọ́kọ́ o. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀marùn-ún tó wá jẹ́ níkẹyìn, atajà á kọ ọ́ pé ó jẹ́. Ẹ̀yin ẹ kọ ọ́ pé ó kùnà, torí ìṣẹ́jú tó ti lọ kò ní padà wá.

Ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú yìí, Ofgem ló fi kọ́ wa níbí, àjọ tó ń ṣàkóso ọjà iná àti gáàsì. Nǹkan méjì ni wọ́n ń kà fún ilé iṣẹ́ tó ń pín iná: iye oníbàárà tí iná ti lọ mọ́ lọ́wọ́ nínú 100, àti iye ìṣẹ́jú tí oníbàárà kan fi wà láìríná lọ́dún, tí a bá pín in dọ́gba. Owó wà nídìí méjèèjì. Ẹni tó bá ṣe dáadáa á gba lé owó rẹ̀, ẹni tó bá kùnà á pàdánù. Àmọ́ iná tó bá lọ tó sì dé kí ìṣẹ́jú 3 tó pé kì í wọ inú kíkà yẹn. Ẹ rí i pé súíṣì tó jẹ́ láàárín ìṣẹ́jú 2 àti èyí tó jẹ́ láàárín ìṣẹ́jú 5 kì í ṣe ẹgbẹ́ rárá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn méjèèjì "jẹ́." Ìdí nìyí tí àwọn ilé iṣẹ́ ibí fi gbé iṣẹ́ náà fún kọ̀ǹpútà kó máa dá a ṣe, kó wá ibi tí fọ́ọ̀tì wà, kó já ibẹ̀ kúrò, kó dá iná padà fún àwọn tó kù kí èèyàn tó mọ bàtà tó máa wọ̀.

Ìṣirò kan wà tí ẹ lè fi han ọ̀gá yín. Láti ya ibì kan sọ́tọ̀ kí ẹ sì gba ẹ̀yìn gbé iná fún àwọn tó kù, ó kéré tán súíṣì 3 gbọ́dọ̀ jẹ́, láìtíì ka brékà ìbẹ̀rẹ̀ (súíṣì ńlá tó wà ní ibùdó níbi tí fíídà ti bẹ̀rẹ̀): já tiwájú, já tẹ̀yìn, so èyí tó wà láàárín fíídà méjì. Ká ní ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń yọrí lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, tí ìkùnà ọ̀kan ò sì kan ìkejì. 0.9 × 0.9 × 0.9 jẹ́ 0.729. Ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ nínú ẹ̀ẹ̀mẹ́rin tí iṣẹ́ máa dúró sójú ọ̀nà. Tó bá jẹ́ 95 nínú 100 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ á jẹ́ bíi 86. Tó bá jẹ́ 98, á tó 94. "Ìdá 90" tó dùn létí nínú ìpàdé, kò dùn rárá lójú òpó.

Ẹlẹ́ja_Mọ́kọ́lá

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú o. Ẹja tútù ni mò ń tà, n kì í ṣe ẹnjiníà, ọmọ mi ló fi ibí yìí hàn mí. Band A ni wọ́n kọ wa sí. Láti oṣù kẹrin ọdún 2024 tí wọ́n ti gbé owó iná Band A sí náírà 225 lórí kílówáàtì fún wákàtí kan ni mo ti ń gbọ́ pé wákàtí 20 lójúmọ́ lẹ̀tọ́ wa. Tí igi bá wó lu wáyà ní àdúgbò kejì, kí ló dé tí fírísà tèmi fi máa kú? Ṣé súíṣì tí ẹ ń sọ yìí ló máa yanjú ẹ̀?

Alápótí_Ẹ̀gbá (Abẹ́òkúta)

Ẹ kú ọjà o, mà. Ẹ jẹ́ n fi ti yín ṣáájú.

Fíídà 11kV máa ń jáde láti ibùdó, á máa rìn láti àdúgbò dé àdúgbò, brékà kan ṣoṣo ló sì máa ń wà níbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ibi yòówù kí igi wó lù, brékà yẹn ló máa já, gbogbo yín lẹ ó wà lókùnkùn, àti ẹni tí igi wó sí nílé, àti ẹni tí kò mọ̀ pé igi wà níbẹ̀. Tí súíṣì bá wà láàárín, a ó já a, a ó so brékà padà, àwọn tó ṣáájú igi á ríná. Àwọn tó wà lẹ́yìn igi ńkọ́? Àfi tí fíídà mìíràn bá lè gba ẹ̀yìn bọ̀ fún wọn. Ọ̀pọ̀ fíídà wa nílẹ̀ yìí, gbọnrangandan ni wọ́n lọ, wọn ò kan ẹnì kankan lẹ́yìn. Níbi tí wọ́n bá sì kan ara wọn, ó ṣeé ṣe kí fíídà kejì má lè gbé ẹrù ìlú méjì. Nítorí náà, mà, ó kù sọ́wọ́ ibi tí ṣọ́ọ̀bù yín bọ́ sí.

Ó yá, ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ẹ lọ ṣí àpótí kí ẹ tó ṣí ìwé. Iṣẹ́ ọwọ́ mi nìyẹn. Bátìrì ni mo máa ń bá lákọ̀ọ́kọ́. Ooru tí kò ju ìwọ̀n 20 sí 25 lọ ni wọ́n fi ń ṣírò ọjọ́ ayé bátìrì léèdì. Gbogbo ẹni tó ń bá bátìrì ṣiṣẹ́ ló mọ̀ pé bí ooru bá fi nǹkan bí ìwọ̀n 10 lé sí i, ọjọ́ ayé rẹ̀ á dín sí ìlàjì. Ẹ wá ro àpótí irin tí oòrùn oṣù kẹta ń ta sí lórí òpó ní Ṣágámù. Atajà ní ọdún 5. Èmi á kà á sí 2, n ò sì ní bá a jà.

Èyí tó ń tan èèyàn jẹ nínú ẹ̀ ni pé bátìrì tó ti kú á ṣì máa gbé fóòlùtì tó dára hàn, tí ṣájà bá ti wà lára rẹ̀. RTU kì í jẹ iná púpọ̀, á máa dáhùn "mo wà" lọ ràì. Ọjọ́ tí mọ́tò bá fẹ́ fa iná gidi, fóòlùtì á já wálẹ̀, RTU fúnra rẹ̀ á dákú, á tún jí. Ní yàrá ìdarí, ohun tẹ́ ẹ máa rí ni pé ó sọnù lórí ìlà fún ìgbà díẹ̀. Ẹ ó dá nẹ́tíwọ̀kì lẹ́bi. Bẹ́ẹ̀, nẹ́tíwọ̀kì ò mọwọ́ ò mẹsẹ̀.

Lẹ́yìn bátìrì ni kọ́kọ́rọ́ tó ń yí súíṣì sí "local." Àwọn tó lọ ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án yí i síbẹ̀, bó ṣe yẹ. Wọ́n parí, ebi ń pa wọ́n, wọ́n wọ ọkọ̀. Súíṣì yẹn kò tún ní gbọ́ ọ̀rọ̀ yàrá ìdarí mọ́ títí ẹnìkan á fi padà lọ síbẹ̀. Ti olè tó ń yọ páńẹ́lì oòrùn, mi ò fẹ́ sọ ọ́. Aláǹgbá tó wọlé lọ kú sórí táàmínà, agbọ́n tó kọ́lé sí ẹnu ọ̀nà, gírísì tó gan nítorí pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé súíṣì sókè, ẹnikẹ́ni ò yí i rí. Tó bá wá jẹ́ èyí tó ní gáàsì SF6 nínú, tí gáàsì bá ti jò kọjá ààlà, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ lè kọ àṣẹ. Ẹ má bínú sí ìyẹn, ẹ̀mí ló ń gbà.

Ọmọ_Alárè (Ìjẹ̀bú-Òde)

Ẹ kọ́kọ́ wá iná tí ẹ máa fi súíṣì náà darí ná o 😂 Ẹni tí ò ríná, kí ló fẹ́ fi ọ̀nà jíjìn ṣe?

Ará_Ìdí_Iná (Ìbàdàn)

@Ọmọ_Alárè, ẹ ń ṣẹ̀fẹ̀, àmọ́ ẹ ti kan nǹkan kan. Nítorí pé iná kì í tó, a máa ń pín in ní wákàtí-wákàtí. Brékà ìbẹ̀rẹ̀ fíídà tó wà ní ibùdó, ojoojúmọ́ là ń já a tí a ń so ó. Ara rẹ̀ ti yọ̀, inú ilé ló wà, bátìrì rẹ̀ sì wà lójú ẹni tó ń bójú tó o. Súíṣì àárín ọ̀nà ńkọ́? Àfi ọjọ́ tí fọ́ọ̀tì bá dé. Tí mo bá ro gbogbo àṣẹ pọ̀, brékà á bo àṣírí àwọn ará òpó. Ṣé kí n yà wọ́n?

Kọ́ńtróòlù_Àríwá (Manchester)

Ẹ yà wọ́n, ẹ má tilẹ̀ jẹ́ kí wọ́n ríra wọn nínú àtẹ kan náà. Ohun mìíràn tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ yà sọ́tọ̀ ni àṣẹ tí ẹ mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ẹ máa fún (ìpín iná, iṣẹ́ àtúnṣe) àti àṣẹ tó jẹ́ pé fọ́ọ̀tì ló bí i. Nígbà iṣẹ́ àtúnṣe, ojú ọjọ́ dára, ṣájà ń ṣiṣẹ́, ẹnìkan sábà máa ń dúró sídìí òpó. Nígbà fọ́ọ̀tì, òjò ń rọ̀, iná ti lọ lára ṣájà, álààmù ń rọ́ wọlé bí eṣú. Súíṣì kan náà ni, ayé méjì ló ń gbé. Ti ayé kejì ni bọ́ọ̀dù yín ń sanwó fún.

Olórédíò (Ìkẹjà)

Ẹ jẹ́ kí ará ilé tẹlifóònù dá sí i. Mo rí i pé gbogbo yín ń fọ nẹ́tíwọ̀kì mọ́. Ẹ ṣeun, àmọ́ a náà kò mọ́ tó bẹ́ẹ̀ o.

Àwọn ilé iṣẹ́ yín máa ń fi SIM méjì sínú RTU, ti ilé iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n á ní ọ̀nà méjì làwọn ní. Ẹ lọ wo máàsì (òpó ńlá tẹlifóònù) tí SIM méjèèjì ń bá sọ̀rọ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, orí máàsì kan náà ni wọ́n wà, jẹnẹrétọ̀ kan náà ló ń gbé wọn, wáyà fáíbà kan náà ló gba abẹ́ ilẹ̀ kọjá. Bí kátápílà tó ń ṣe títì bá já fáíbà yẹn, SIM méjèèjì ló kú. Ọ̀nà kan ni ẹ ní, owó méjì lẹ ń san.

Nǹkan kan tún wà tí àwọn tó ń ra ẹ̀rọ kì í bèèrè: ìgbà wo ni RTU yín máa ń wọ orí ìlà? Àwọn kan máa ń sùn láti dín owó dátà kù. Àṣẹ dé, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jí, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá máàsì. Àkókò tí ẹ dá ti pé. Àṣẹ kùnà. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó jẹ́, torí ó ti jí. Tí ẹ bá rí súíṣì tó máa ń kọ tàkọ́kọ́ tó ń jẹ́ tèkejì, ẹ má pe ẹni bátìrì, èmi ni kẹ́ ẹ pè.

Kọ́ńtróòlù_Àríwá (Manchester)

@Olórédíò, níbi máàsì yìí, Nàìjíríà fẹ́rẹ̀ẹ́ sàn jù wá lọ. Máàsì tiyín ti mọ̀ pé iná máa lọ, ó ní jẹnẹrétọ̀ tirẹ̀. Tibí gbójú lé iná ìjọba. Bí iná bá lọ, bátìrì díẹ̀ ló máa gbé e, lẹ́yìn náà òun náà á kú, nígbà tí yàrá ìdarí ń wá a gan-an. Nígbà ìjì Arwen, ní 26 oṣù kọkànlá ọdún 2021, ilé tó ju mílíọ̀nù kan lọ ni iná lọ mọ́ lọ́wọ́. Nǹkan bí 4,000 ló lò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ láìríná, fóònù sì dákẹ́ ní ọ̀pọ̀ ìgbèríko. Kí irú ìyẹn má baà mú wa lọ́wọ́ òfo ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ iná níbí fi ń ní rédíò UHF tara wọn, tí bátìrì rẹ̀ wà lábẹ́ ọwọ́ wọn.

Bẹ́ẹ̀ náà, ẹ bi atajà pé irú nẹ́tíwọ̀kì wo ni ẹ̀rọ rẹ̀ ń lò. Níbí, wọ́n fẹ́ pa láìnì tẹlifóònù àtijọ́ rẹ́ nígbà tó bá di oṣù kìíní ọdún 2027, 2G sì gbọ́dọ̀ ti kásẹ̀ nílẹ̀ kí ọdún 2033 tó kọjá. RTU tí wọ́n rà pé á lo ogún ọdún, tó jẹ́ 2G nìkan ló gbọ́, wàhálà ni.

Bàbá_Ìjọra (Èkó)

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ọmọ. Mo wọ iṣẹ́ iná kí ECN, ilé iṣẹ́ iná ìjọba àtijọ́, tó di NEPA lọ́dún 1972, mo ti fẹ̀yìn tì tipẹ́. Gbogbo ohun tí ẹ ń sọ dára, ṣùgbọ́n ẹ ti ń ka "local" mọ́ ìkùnà, n ò fẹ́ ìyẹn. Ọmọ ènìyàn ló wà lórí òpó. Kọ́kọ́rọ́ yẹn nìkan ló wà láàárín òun àti ẹni tó jókòó sábẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù, tó lè tẹ bọ́tìnnì lé e lórí. Tí ẹ bá sọ "local" di ẹ̀ṣẹ̀ nínú ìwé, tí wọ́n fi ń ge owó àwọn ọmọ yẹn, ohun tí wọ́n máa ṣe ni pé wọn ò ní yí i mọ́. Ẹ ó ní nọ́ńbà tó dára, ẹ ó sì sin òkú.

Alápótí_Ẹ̀gbá (Abẹ́òkúta)

Ẹ ṣeun, bàbá. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bàbá, èyí tí wọ́n gbàgbé síbẹ̀ pẹ̀lú ẹni tó wà lórí òpó kì í ṣe ọ̀kan náà. Èmi ti dé ìdí súíṣì tó wà ní "local," tí ewéko ti hù bo ẹnu àpótí.

Bàbá_Ìjọra (Èkó)

Ìyẹn yàtọ̀. Ta ló máa yà wọ́n sọ́tọ̀? Ẹni tó wà ní Manchester?

Kọ́ńtróòlù_Àríwá (Manchester)

Páámíìtì, ìwé àṣẹ iṣẹ́, ni yóò yà wọ́n, bàbá. RTU máa ń fi ipò kọ́kọ́rọ́ náà ránṣẹ́, wọ́n kàn kì í gbé e sójú ibi tí ènìyàn ti máa rí i ni. Tí súíṣì bá wà ní "local" tí páámíìtì sì wà lórí rẹ̀, a kì í fún un láṣẹ rárá, nítorí náà kò sí ohun tó máa kùnà. Tí páámíìtì bá ti padà wálé tí súíṣì ṣì wà ní "local," kí álààmù dún lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n pe àwọn ọmọ yẹn kí ọkọ̀ wọn tó jìnnà. Kò kan ìjìyà. Mo fara mọ́ ọn pé kò gbọ́dọ̀ kan owó oṣù ẹnikẹ́ni. Kọ́kọ́rọ́ nìkan náà kò sì tó: já a, tì í pa, so áàtì (wáyà tó ń gbé iná lọ sínú ilẹ̀) sí i, bí ẹ̀yin náà ṣe ń ṣe é nígbà yẹn.

Bàbá_Ìjọra (Èkó)

Áàtì. Ó dáa. Ẹ máa bá ọ̀rọ̀ yín lọ.

Olùṣọ́_Ilẹ̀kùn (Houston)

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ọ̀rọ̀. Iṣẹ́ ààbò kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe, nítorí náà ojú òdì-kejì ni mo fi ń wo nǹkan yìí: tí súíṣì bá ń jẹ́ fún yín kíákíá, ta ló tún ń jẹ́ fún?

Ní 23 oṣù kejìlá ọdún 2015, ní ìwọ̀-oòrùn Ukraine, àwọn tó wà ní yàrá ìdarí ń wo kọ̀ǹpútà, wọ́n rí i tí ìtọ́ka máòsì ń rìn fúnra rẹ̀. Ó ń já brékà ní ibùdó kan, ó bọ́ sí òmíràn. Ilé iṣẹ́ tó ń pín iná mẹ́ta ni wọ́n kọlù lọ́jọ́ kan náà, ó tó nǹkan bí 30 ibùdó, iná sì lọ mọ́ oníbàárà bíi 225,000 lọ́wọ́. Lẹ́tà orí íntánẹ́ẹ̀tì tó gbé fáìlì burúkú ni wọ́n fi wọlé, ọ̀pọ̀ oṣù ṣáájú. Àṣẹ tí wọ́n fún brékà jẹ́ dáadáa o, bó ṣe yẹ kó jẹ́ gan-an. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ba sọ́fítíwíà inú àwọn àpótí tó ń gbé àṣẹ lọ sí ibùdó jẹ́, kí yàrá ìdarí má lè so ó padà, wọ́n sì fi ìpè èké dí fóònù tí oníbàárà fi ń fẹjọ́ sùn.

Wákàtí bíi mélòó kan péré ni wọ́n fi dá iná padà. Báwo? Wọ́n wọ ọkọ̀, wọ́n lọ sí ibùdó, wọ́n fi ọwọ́ so brékà. Àwọn òṣìṣẹ́ wọn ṣì mọ ọ̀nà, wọ́n ṣì mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ ṣe é. Nítorí náà, tí bọ́ọ̀dù bá ní "súíṣì wa ti ń gbàṣẹ láti ọ̀nà jíjìn, ẹ jẹ́ ká dín àwọn tó ń gun òpó kù," ẹ fi ìtàn yìí hàn wọ́n. Mo bẹ̀ yín pẹ̀lú: SIM inú RTU kò gbọ́dọ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì gbogbogbò. Ọ̀rọ̀ aṣínà tí ẹ̀rọ bá ti ilé iṣẹ́ dé, ẹ yí i padà lọ́jọ́ tí ẹ gbé e sókè.

Ará_Ìdí_Iná (Ìbàdàn)

Ẹ ṣeun gan-an, gbogbo yín. Mo ti ń tú àkọsílẹ̀ SCADA wa, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá yàrá ìdarí. Ìbéèrè méjì ló kù. Ìkínní, mo rí àwọn àṣẹ tó jẹ́ pé lẹ́yìn rẹ̀, súíṣì kò sọ pé òun já, kò sọ pé òun so. Ó kàn wà láàárín. Ibo ni kí n kọ ìyẹn sí? Ìkejì, àwọn súíṣì kan ò gba ju àṣẹ mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ lọ́dún kan. Báwo ni mo ṣe máa dá wọn lẹ́jọ́?

Kọ́ńtróòlù_Àríwá (Manchester)

Ti ìkejì: ẹ má dá ẹyọ kan lẹ́jọ́. Súíṣì tó gba àṣẹ mẹ́rin tó kọ ọ̀kan, ẹ ó kọ 75 sí i lára, kò sì túmọ̀ sí nǹkan kan. Ẹ kó wọn jọ ní agbo-agbo: ilé iṣẹ́ tó ṣe é, ọdún tí wọ́n gbé e, irú nẹ́tíwọ̀kì, ìlú. Àní nínú agbo náà, bí 45 bá yọrí nínú àṣẹ 50, tí ẹ sì kọ 90 sílẹ̀, ipò rẹ̀ gan-an lè wà níbikíbi láàárín nǹkan bíi 79 sí 96. Torí náà, tí oṣù yìí bá jẹ́ 90 tí oṣù tó ń bọ̀ jẹ́ 86, kí ọ̀gá yín má pe ẹnikẹ́ni jókòó. Ọdún kan gbáko ni kó wò. Nọ́ńbà kan ṣoṣo tó ń bèèrè yẹn náà, ẹ fún un ní méjì: àṣẹ ìgbà fọ́ọ̀tì tó yọrí nígbà àkọ́kọ́, àti iye ìṣẹ́jú láti ìgbà tí álààmù dún títí tí oníbàárà àkọ́kọ́ fi ríná. Èyí tó wà "lórí ìlà," ẹ fi sílẹ̀ fún atajà, kó máa kà á fún ara rẹ̀.

Ti ìkínní, ìkùnà ni ẹ kọ ọ́ sí. Súíṣì tí ẹ ò mọ ipò rẹ̀, ẹ ò lè so iná sí i. Ṣùgbọ́n ẹ fi àmì tirẹ̀ sí i. Alápótí ló máa sọ ohun tó fà á.

Alápótí_Ẹ̀gbá (Abẹ́òkúta)

Ọ̀nà méjì ni. Bóyá mọ́tò dúró láàárín nítorí bátìrì, ìyẹn léwu, ẹ yára lọ. Bóyá sì ni súíṣì ti lọ dé òpin, kọ́ńtáàtì kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló ti yẹ̀ díẹ̀ tí kò kàn án mọ́. Ní yàrá ìdarí, ọ̀kan náà ni wọ́n jọ. Ẹ má fi fóònù yanjú ẹ̀, ojú ni kẹ́ ẹ fi rí i.

Tí ẹ bá fẹ́ mọ èyí tó máa kùnà kí fọ́ọ̀tì tó mú un, ẹ lo àkókò tí ẹ ń pín iná yẹn, nígbà tí fíídà ti wà ní pípa. Ẹ rán ẹnìkan sídìí òpó, ẹ jẹ́ kó dúró jìnnà, kó má fọwọ́ kan nǹkan kan. Ẹ yọ iná lára ṣájà, ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí bíi mélòó kan kí bátìrì nìkan máa gbé e. Lẹ́yìn náà, yàrá ìdarí á já a, á so ó, á tún já a, á tún so ó, láìsinmi. Ọ̀pọ̀ bátìrì tó ti ń kú máa ń gbé tàkọ́kọ́, ẹlẹ́ẹ̀kejì ló máa ń pa á. Kí ẹni tó wà nídìí òpó sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí, kí yàrá ìdarí sọ ohun tí kọ̀ǹpútà kọ, kí wọ́n fi wé ara wọn. Lẹ́yìn èyí, ẹ dá iná padà sára ṣájà, kí ẹ sì wo kọ́kọ́rọ́ kí ẹ tó wọ ọkọ̀.

Ẹ gbé bátìrì tuntun dání o. Tí ẹ bá ní ẹ máa padà wá fi í sí i, oṣù mẹ́fà nìyẹn.